Àwọn Ọ̀lẹ Inú Àgbá Iyọ̀

Àárọ̀ ọjọ́ tí Ọ̀gá Fèrè kọ́kọ́ mú téèpù wọ yàrá ẹ̀yìn, ọwọ́ Ìyàwó wà nínú omi iyọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ohun tó gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ ìgbájú nìyẹn.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o. Má dìde." Ó na téèpù láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé. "Àga mi á wà níbí. Dígí gbàǹgbà kan á wà lọ́hùn-ún, kí n lè máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí mo bá ń fun fèrè."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ò nílò dígí, Ọ̀gá Fèrè. Ẹni tó wà ní ìparí àdúgbò ń rí i ketekete."

"Máa bú mi lọ. Tí mo bá kó wọlé tán, ìwọ àti ìdọ̀tí rẹ ẹ ó jọ máa sùn ní gbàgede."

"Ìdọ̀tí kọ́. Kòkòrò ni."

"Kòkòrò ló wá sàn jù?" Ó ká téèpù rẹ̀, ó ń súfèé lọ.

Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ nílé ọkọ débi pé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ti di aṣọ fèrèsé. Ọkọ rẹ̀, Onígbàjámọ̀, ń gẹ irun fáwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ni ilé, yàrá àárín ló sì ń gbé. Yàrá tó kángun sẹ́yìn ni Ìyàwó fi ń ṣiṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí onílé Ọ̀gá Fèrè fi lé e jáde.

Ọ̀gá Fèrè ni àbúrò Onígbàjámọ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó máa ń lọ fun fèrè níbi tí wọ́n bá ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Kò sóhun tó burú nínú fífun fèrè. Ohun tó burú ni kéèyàn máa fun ẹsẹ orin kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kó sì máa ṣì í fun níbì kan náà. Onílé rẹ̀ fara dà á, ó fara dà á, nígbà tó yá ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù ọkùnrin náà síta, ó tún bá a pe ọkọ̀. Ni Ọ̀gá Fèrè bá padà sílé ìyá rẹ̀. Orí àga gígùn ní pálọ̀ ló ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta bí igi ìdáná, yàrá ẹ̀yìn ló sì wọ̀ ọ́ lójú.

Ká má parọ́, yàrá náà kì í ṣe ohun téèyàn ń fi han àlejò. Àgbá aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀ tó kún fún omi iyọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, bí irú èyí tí wọ́n ń fi sínú àpótí ẹja, omi náà á sì máa hó pùkẹ̀pùkẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn wà lórí tábìlì tó ń yí ìgò bírí bírí. Iyọ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ etí gbogbo nǹkan, títí kan etí bàtà Ìyàwó.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń sin bakitéríà inú iyọ̀ ni Ìyàwó ti ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tí ibẹ̀ fẹ́ kógbá sílé, ọ̀gá wọn ní kí kálukú mú ohun tó bá wù ú. Àwọn kan gbé fáànù, àwọn kan gbé àga. Ìyàwó gbé ẹ̀rọ ayíbírí àti ìgò omi rírú kan. Àwọn tó gbé àga ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín dòní.

Bakitéríà tó wà nínú ìgò yẹn, inú iyọ̀ ni ilé wọn. Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ ra ẹja rí mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe: á fa omi ara ẹja jáde títí ẹja á fi gan. Bákan náà ló ń ṣe kòkòrò. Kòkòrò lásán tó bá já sínú àgbá yẹn, á gbẹ, á rún, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn ti Ìyàwó ní ọgbọ́n lọ́wọ́. Wọ́n á máa ti iyọ̀ padà síta, wọ́n á sì máa se nǹkan kan sínú ara wọn tó ń di omi mú. Bó ti wù kí nǹkan ọ̀hún pọ̀ tó, kì í da iṣẹ́ inú ara wọn rú. Bí iyọ̀ ìta bá ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa sè é sí i.

Bí èèyàn bá wá kó wọn kúrò nínú iyọ̀ líle lójijì, tó dà wọ́n sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré, omi á ya wọ inú wọn. Kí wọ́n má bàa bẹ́, wọ́n á yára bi gbogbo ohun tí wọ́n ti sè síta. Ìyàwó á gba omi yẹn, á yọ iyọ̀ tó kù níbẹ̀, á gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun funfun. Lẹ́yìn náà, á dá àwọn kòkòrò padà sínú iyọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sè. Màmá ní kò yàtọ̀ sí kéèyàn máa fún wàrà màlúù, àfi pé màlúù tibí yìí kì í ta èèyàn nípàá.

Obìnrin kan tó ń po ìpara ló ń gba ìyẹ̀fun náà. Ohun tó ń di omi mú nínú kòkòrò, ó ń dì í mú lára awọ èèyàn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yàrá dé iwájú Màmá lọ́jọ́ téèpù yẹn gan-an. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, kọ́ọ̀bù omi bíìtìrúùtù, gbòǹgbò pupa kan tí wọ́n ń lọ̀ mu, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ló ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, kó máa mu ún láràárọ̀. Màmá kórìíra rẹ̀. Ó ní ṣe ló dà bí ẹni pé òun ń lá ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

"Ilé mi nìyí, ẹ ò ní yà á lójú mi," Màmá ní. "Ọ̀gá Fèrè, ọmọ mi ni ọ́. Ìyàwó, ọmọ mi ni ọ́."

"Àwọn kòkòrò wá ńkọ́?" Onígbàjámọ̀ béèrè láti ẹnu ọ̀nà, kọ́ńbù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ ọmọ mi ni wọ́n. Padà sídìí orí tó ò ń gẹ̀."

Màmá mú ìgò oyin kan tó ti ṣófo, ó fi rọ́bà pupa dì í níkùn. "Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń ní yàrá. Kí oṣù yìí tó parí, bí ìyẹ̀fun bá dé ibi rọ́bà yìí, yàrá di ti kòkòrò títí ayé. Bí kò bá dé e, yàrá di ti fèrè. Mo ti sọ̀rọ̀."

Inú Ọ̀gá Fèrè dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbé fèrè sẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ìgbà yẹn ti la ètè rẹ̀ bí ògiri àtijọ́, nítorí náà ohùn fèrè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó dé àárín, ó ya gbàràgàdà bí aṣọ. Màmá di ojú. Ògiri fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti yàrá ẹ̀yìn. Ní gbogbo pálọ̀ yẹn, òun nìkan ló rántí ìyẹn lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ojoojúmọ́ tí Ìyàwó bá ṣí àgbá, omi á ti rú ju ti àná lọ. Ó rú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, ó tún wá rú bí omi àgbàrá òjò. Nígbà tó fi ẹ̀kán omi kan sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kò rí àyè láàárín kòkòrò kan àti èkejì. Wọ́n há mọ́ra bí èrò ọjọ́ ìdìbò. Ìyàwó pariwo. Ó sáré gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá, ó já sí ṣọ́ọ̀bù, ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Wọ́n ń bímọ! Wọ́n ń bímọ bí ẹni tí wọ́n ń lé!"

Ẹ̀rọ ìgẹrun fò lọ́wọ́ Onígbàjámọ̀, ó la ọ̀nà tààrà láti iwájú orí oníbàárà kan dé ìpàkọ́.

Oníbàárà wo dígí. "Ọ̀nà ibo lẹ là sí mi lórí yìí?"

"Àrà tuntun ni, sà."

"Ta ló bímọ?"

"Bakitéríà ni."

Ọkùnrin náà rò ó díẹ̀. "Ẹ kú oríire o," ó ní. "Ẹ kúkú fá a tán."

Lọ́jọ́ tí Ìyàwó fẹ́ fún wàrà àkọ́kọ́ lóṣù náà, ó ń jó ni. Ó fi ẹ̀rọ yí àwọn kòkòrò títí wọ́n fi tò sí ìsàlẹ̀ ìgò, ó da iyọ̀ orí wọn nù, ó da omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré lé wọn. "Ó yá, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bì í!" Wọ́n bì í lóòótọ́. Ó gba omi náà, ó ṣiṣẹ́ lé e lórí, ó gbẹ ẹ́. Ó wo ìsàlẹ̀ àwo.

Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní nǹkan wà níbẹ̀, ó jẹ́ díẹ̀ bíńtín kan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sín, ó ti lọ.

"Ṣé ìyẹ̀fun nìyí àbí eruku?" Ọ̀gá Fèrè ti yọ sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má mí sí i!"

"N ò mí. Èmi tí mò ń tọ́jú èémí mi fún yàrá mi."

Ìyàwó tún un ṣe, kò rí nǹkan. Ó fi kún iyọ̀, ó dín atẹ́gùn kù, ó tún fi kún atẹ́gùn. Kòkòrò ń pọ̀, ìyẹ̀fun ò sí. Ó dà bí ẹni tó ní agbo màlúù tó sanra dẹ̀ǹkẹ̀, tí kò rí wàrà tó lè fi pọ́n ọwọ́ lá. Nígbà tó sú u, ó kàn dúró síwájú àgbá, ó ń bú wọn.

"Alájẹìṣiṣẹ́! Ẹ̀yin ọ̀lẹ! Ẹ ń jẹ, ẹ ń bímọ, ẹ ò lójútì! Ta ló ń bọ́ yín?"

"Má bú wọn," Màmá ní láti ẹnu ọ̀nà. Láàárín ọjọ́ yẹn, Màmá ti di ẹni tó ń wọ yàrá ẹ̀yìn ju Ìyàwó fúnra rẹ̀ lọ. "Bóyá ó ń rẹ̀ wọ́n ni. Ìwọ náà wo bí wọ́n ṣe rí, wọ́n funfun bí ẹni tí kò lẹ́jẹ̀."

Oṣù ń tán lọ. Ọ̀gá Fèrè gbé àga rẹ̀ wọlé, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì ó gbé dígí wọlé. Ó jókòó, ó kí àgbá náà pé ẹ kú ìrìn àjò, ó gbé fèrè sẹ́nu. Ètè rẹ̀ tún là. Ẹ̀jẹ̀ kán sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sì lè fun ju ohùn bíi ti ewúrẹ́ lọ.

Ìyàwó ju agolo ìpara kékeré kan sí i, èyí tí obìnrin ìpara fi ìyẹ̀fun ti tẹ́lẹ̀ pò. "Ẹ fi pa ètè yín. Ẹ̀jẹ̀ yín ń kán sílẹ̀ yàrá mi."

"Yàrá wa."

"Ẹ pa á!"

Ó pa á. Kò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyàwó ṣàkíyèsí pé agolo náà kò padà sórí tábìlì mọ́.

Ọjọ́ kan tí Ìyàwó ń nu etí àgbá, ó rí òrùka kan tó yí i po lókè ibi tí omi dé. Iyọ̀ gbígbẹ ni, bó ṣe máa ń wà. Àmọ́ èyí kò funfun. Ó pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mọ̀ pé irú kòkòrò iyọ̀ mìíràn wà tó máa ń sọ adágún iyọ̀ di pupa. Bí ìyẹn bá ti wọ àgbá rẹ̀, kó yáa da gbogbo rẹ̀ nù, kó kí fèrè káàbọ̀. Ó fi ìka ha iyọ̀ náà, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iyọ̀, ó dùn díẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó lá ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Níbo ló ti gbọ́ ìyẹn rí?

Ó fi ìka sẹ́nu, ó rìn dé pálọ̀. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ló bá níbẹ̀, ó ń bá Màmá wí.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ò gòkè. Kò tiẹ̀ mira rárá. Ṣé ẹ ń mu bíìtìrúùtù yẹn?"

"Àràárọ̀ ni mò ń lọ̀ ọ́."

"Mo ní ṣé ẹ ń mu ún."

"Ìwọ náà, ṣé màá máa lọ̀ ọ́ kí n máa wò ó ni?" Màmá sì ń wo òrùlé.

Ìyàwó wo èékánná Màmá. Ó pupa. Ó wo kọ́ọ̀bù. Ó ṣófo. Ó wo ilẹ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹ̀kán pupa tò láti ilé ìdáná, ó kọjá níwájú yàrá Màmá, kò yà síbẹ̀, ó ń lọ tààrà sí yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀rín gbé Ìyàwó. Ó rín, ó rín, ó yọ̀ tẹ̀lé ògiri títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ṣé kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà wò?" nọ́ọ̀sì béèrè.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, Ìyàwó mú Màmá lọ́wọ́ lọ sídìí àgbá.

"Màmá, mélòó lẹ ń dà síbẹ̀?"

"Díẹ̀ ni. Ààbọ̀ kọ́ọ̀bù."

"Ààbọ̀ tó kù ńkọ́?"

"Òun náà." Màmá fọwọ́ nu imú. "Ọmọ mi, ìwọ lo sọ fún mi pé iyọ̀ ń fa omi ara wọn jáde. Ṣé kí n máa wò wọ́n níran? Mo rí i pé wọn ò lẹ́jẹ̀, mo fún wọn lẹ́jẹ̀. Wọ́n sì gbà á! Ìwọ náà rí bí wọ́n ṣe ń bímọ." Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àti pé, wò ó, ògiri yàrá mi nìyí. Èmi ni mo bí Ọ̀gá Fèrè, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́kọ́ ra fèrè yẹn, gbogbo adìyẹ mi ni kò yé ẹyin mọ́. Akùkọ gan-an ò kọ mọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ kó borí."

"Ẹ̀yin lẹ wá ń pa mí láyò!" Ìyàwó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. "Màmá, ọmọ yín Onígbàjámọ̀, ṣé ó mọ ẹyin dín?"

"Báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n? Láti kékeré ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún un."

"Ẹ̀hẹ̀n. Nǹkan tí àwọn kòkòrò yìí ń fi ara wọn sè kí iyọ̀ má bàa pa wọ́n, ìyọnu ni kí wọ́n tó sè é, ó ń gba agbára. Bíìtìrúùtù sì ní nǹkan kan nínú tó jọ ọ́, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bí kòkòrò bá ti rí ìyẹn nínú omi, á gbé e mì, ó tán. Kí ló máa dá iná fún? Ìyá àgbà ti gbé oúnjẹ dé. Wọ́n ń jẹ tiyín, wọn ò se tèmi. Ìyẹ̀fun tèmi ni wọn ò sè mọ́."

Màmá tẹjú mọ́ àgbá náà. "Ṣé gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ọmọ ọmọ mi ni wọ́n lóòótọ́," Màmá ní, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń rín títí Onígbàjámọ̀ fi sáré wọlé wá wo ẹni tó kú.

Ọjọ́ tó kù kò pọ̀. Ìyàwó ká ọwọ́ aṣọ sókè. Ó kọ́kọ́ da omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré lé àwọn kòkòrò lórí, kí wọ́n lè bi oúnjẹ Màmá jáde. Onígbàjámọ̀ pa ṣọ́ọ̀bù dé, òun ló ń ti ìgò sínú ẹ̀rọ, òun ló ń yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n da omi yẹn sí kòtò, Màmá dúró lókè rẹ̀ bí ẹni tó ń sin òkú. "Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń lọ yẹn," ó ní. "Ó dìgbóṣe." Lẹ́yìn náà ni Ìyàwó po iyọ̀ tuntun, ó pò ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣúgà díẹ̀ ló fi sí i àti ìwọ̀nba nǹkan tí kòkòrò nílò. Kò fi bíìtìrúùtù sí i.

"Gbogbo iyọ̀ yìí?" Màmá ní.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ebi ló ń kọ́ ọkùnrin ní oúnjẹ sísè."

"Mo gbọ́ yín o," Onígbàjámọ̀ ní.

Ìyàwó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ Màmá pátápátá. Láràárọ̀, ó ń dúró tì í títí á fi mu bíìtìrúùtù rẹ̀ tán, á ní kó la ẹnu kí òun wò ó. Inú àgbá kò rú bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kòkòrò ò bímọ bí ẹni tí wọ́n ń lé mọ́. Iṣẹ́ ti dé.

Ọjọ́ tí oṣù parí, gbogbo ilé kó ara wọn jọ sínú yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀gá Fèrè jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú dígí rẹ̀, fèrè wà lórí itan rẹ̀. Oníbàárà tí wọ́n fá lórí náà wá, ó ní òun kàn fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ náà ṣe ń ṣe. Ìyàwó da omi lé àwọn kòkòrò. Kò jó lọ́tẹ̀ yìí. Ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, ó gbẹ ẹ́, ó ha á sínú ìgò oyin, ó sì gbọn ìgò kó lè rọ̀ sílẹ̀.

Ìyẹ̀fun funfun gidi ni. Ó ń tàn yinrinyinrin. Ó gòkè, ó gòkè, ó dúró. Kò dé ibi rọ́bà. Ó kù díẹ̀, ìwọ̀n orí ìka kékeré.

Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń dún pùkẹ̀pùkẹ̀ lọ. Ìyàwó wo ìgò náà, ó wo àgbá. Màmá ti di ojú, ó ń dúró de fèrè.

Ọ̀gá Fèrè dìde. Ó gba ìgò, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó fi ahọ́n ra ètè rẹ̀. Ètè náà ń dán, kò sí ibi tó là kankan níbẹ̀ mọ́.

"Rọ́bà yìí ti yọ̀ gòkè," ó ní.

"Kí lẹ wí?" Ìyàwó ní.

"Rọ́bà kì í dúró lójú kan. Ibi tí Màmá dì í sí kọ́ nìyí." Ó sì fi àtàńpàkò fa rọ́bà náà sísàlẹ̀, ó fà á títí ó fi bá ìyẹ̀fun mu régí. "Ibí ló wà. Mo rántí dáadáa."

Onígbàjámọ̀ wo àbúrò rẹ̀. "Irọ́ lò ń pa."

"Ṣé èmi ni wàá pè lópùrọ́ nítorí yàrá tí kì í ṣe tèmi?" Ọ̀gá Fèrè kọjú sí Ìyàwó. "Agolo yẹn ti tán. Lánàá, mo fun orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ètè mi ò là, mi ò sì ṣì í. Ọ̀gá wa ní kí n tún un fun, ó rò pé ẹlòmíràn ni. Bí àwọn ọmọ rẹ wọ̀nyí bá jáde nílé yìí, níbo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn?"

Ìyàwó pariwo. Ó fò mọ́ Ọ̀gá Fèrè lọ́rùn pẹ̀lú ọwọ́ iyọ̀, ó fò mọ́ ọkọ rẹ̀, ó fò mọ́ oníbàárà. Onígbàjámọ̀ ń gbọn àgbá bí ẹni tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Màmá la ojú, ó ń ṣọpẹ́, ó ń jó ijó ẹni tó máa sùn dáadáa lálẹ́.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù," Ọ̀gá Fèrè ní. "Àwọn kòkòrò yìí, ṣé wọ́n létí?"

"Wọn ò létí," Ìyàwó ní.

"Ariwo ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan?"

"Kò kàn wọ́n."

"Ó dáa náà. Èmi ni màá máa ru àpò iyọ̀ láti òní lọ." Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ àgbá, ó tún dígí ṣe, ó jókòó.

Ijó Màmá dúró lójú ọ̀nà. "Ìyàwó! Wàá gbà fún un ni?"

"Màmá, àpò iyọ̀ wúwo o," Ìyàwó ní, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Fèrè gbé fèrè sẹ́nu. Ohùn náà jáde nínípọn, kò ya, ó kún yàrá, ó gba inú ògiri fẹ́lẹ́ kọjá, dígí ń gbọ̀n, àwọn kòkòrò sì ń ṣiṣẹ́ wọn lọ nínú iyọ̀. Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀, ó kó òwú tó wà níbẹ̀, ó di etí méjèèjì.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún wá, ó yẹ Màmá wò, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti gòkè dáadáa, òun sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bíìtìrúùtù yẹn á ṣiṣẹ́.

Màmá yọ òwú kan. "Bíìtìrúùtù kọ́," ó ní. "Fèrè ló gbé e gòkè."